Agbada Fàlílà

Láwàní tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀wà ló kọ́kọ́ sọ fún Àyọ̀ká pé Fàlílà alákàrà kò gbé ẹ̀wà wá lọ̀ mọ́. Àyọ̀ká, opó tó ń ta epo, kò bèèrè ìdí. Gbèsè epo rẹ̀ wà lọ́rùn Fàlílà, ó sì gbà pé sísá ló fẹ́ sá. Ó wọlé tọ̀ ọ́, ó gbé agbada ìdínkàrà lé orí.

“Ẹ máa gbé e lọ, ìyá mi,” ni Fàlílà wí láti orí ẹní. “Kí ni n ó wá fi dín àkàrà tí n ó fi san owó yín?”

“Ta ló ní kí o má dín in látọjọ́ yìí?”

Fàlílà gbé apá sókè. Éèwo ńlá ti wú sí abíyá rẹ̀, kò lè po ẹ̀wà.

Àyọ̀ká sọ agbada kalẹ̀. “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,” ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ó fọ agbada náà, ó fi se omi. Nígbà tí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ki aṣọ mímọ́ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì ń rọra fi jó éèwo náà.

“Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ o. Fúnra rẹ̀ ni yóò tú.”

“Ọwọ́ yín ò le tó ẹnu yín, ìyá mi.”

“Panu mọ́. Gbèsè mi ni mò ń tọ́jú.”

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń padà wá jó o, títí éèwo fi tú, tó sì jinná. Láwàní tún rí ẹ̀wà Fàlílà lọ̀. Nígbà tó yá, Fàlílà dé ìsọ̀ Àyọ̀ká. Àkàrà gbígbóná wà nínú ewé lọ́wọ́ kan, gbogbo owó epo náà wà lọ́wọ́ kejì.