Omi Ìwẹ̀ Olóyè
Olóyè Ajíbóyè ra ọkọ̀ àlòkù olówó pọ́ọ́kú kan, ó sì sọ fún Oyèwùsì, awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pé: "O ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Bí o bá tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá kó jáde nílé mi. Bí ọkọ̀ bá sì daṣẹ́ sílẹ̀, wàá kó jáde." Oyèwùsì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Olóyè wọ balùwẹ̀, kò bá omi tí Oyèwùsì máa ń gbé síbẹ̀, ló bá figbe pè é. Oyèwùsì tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣáà ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lánàá, mo ní ó tó." Olóyè bú sẹ́rìn-ín. "Gbé omi wá, kí o sì lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ọdún gorí ọdún, ọkọ̀ náà ò daṣẹ́ sílẹ̀, Olóyè náà ò sì rùn.