Òkúta Keje Nídìí Ẹ̀rọ Omi

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ dáhùn dáadáa. Inú ń bí mi lálẹ́ yìí. Àlọ́ mi ò sì jìnnà, ìdí ẹ̀rọ omi ló já sí.

Ní ìgbà kan rí, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nílùú àwọn ẹranko. Àárọ̀ nìkan ló ń yọ omi. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí kálukú máa fi òkúta tò sórí ìlà. Òkúta rẹ ni yóò bá ọ gbàyè títí wàá fi dé.

Ìjàpá yọ́ kó òkúta mẹ́fà síwájú ìlà. Ó ní ti ìyàwó òun nìyí, ti àna òun nìyẹn. Irọ́ ni. Àwọn tó bá pẹ́ dé ló ń fún láyè náà, kí wọ́n lè fún un níṣu sísun.

Ara ọmọ Ìyá Òkété ń gbóná, omi sì tán nílé. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ dákẹ́ kó tó kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Òun ni ẹnì kejì tó dé. Báwo ló ṣe di ẹnì kẹjọ?

Ìjàpá náà ń fura sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó orí àti ẹsẹ̀ wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó sùn ti àwọn òkúta rẹ̀ láti ṣọ́ wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Òkété bẹ Erin, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, pé kó bèèrè ẹni tó ni òkúta kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ò lẹ́ni. Erin jù wọ́n nù. Ó kan ìkeje, ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá dákẹ́, tó bá dáhùn, àṣírí tú.

Ìyá Òkété fọwọ́ kàn án. "Bàbá Erin, òkúta yìí ń mí."

"Òkúta tó ń mí ò gbọdọ̀ sún mọ́ omi wa," ni Erin wí. Ó fi ọwọ́jà gbé e, ó jù ú sígbó.

Omi kan Ìyá Òkété. Ọmọ rẹ̀ mu, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìjàpá rìn padà, ó tò sẹ́yìn pátápátá. Bó ṣe kàn án, ẹ̀rọ dákẹ́. Títí dòní, kó tó rìn, á kọ́kọ́ yọ orí wò bóyá Erin ṣì ń bèèrè ẹni tó ni ín.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ fi àyè onílé sílẹ̀ fún onílé. Láàárọ̀ yìí, nídìí ẹ̀rọ omi wa, mo bá kẹ́ẹ̀gì búlúù mẹ́ta níwájú tèmi, wọn ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí mo tò. Ẹni tó ni wọ́n jókòó sáàárín yín, ó ń wolẹ̀. Mi ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n lọ́la, màá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta.