Ìdí Tí Àwọn Ará Inú Fóònù Fi Ń Pe Bàálé

"Màámi, tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí kò sì tíì débẹ̀, ibo ló wà?" Ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ìtàn yìí ni mo fi dá a lóhùn.

Nígbà láéláé, kò sí ògiri nínú fóònù. Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé. Akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ sórí síléètì. Sáréjíṣẹ́ á yọjú wò ó, á sì sáré lọ jíṣẹ́ ohun tó bá rí. Bàálé, tó ni ilé, kàn jókòó ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ Mọ́ńjọlá gbóná janjan. Kò mu ọyàn. Ẹ̀rù ba Mọ́ńjọlá, ó ní kí fóònù sọ fún ìyá òun pé: "Máa bọ̀."

Ìkánjú bá Akọ̀wé, ó kọ "Má bọ̀." Ó rí i pé "a" kan ti fò. Kó tó fi í sí i, Sáréjíṣẹ́ ti kà á, ó ti lọ.

"Ẹlẹ́sẹ̀ iná, ṣé mo ti kọ ọ́ tán ni?" Akọ̀wé figbe ta nígbà tí Sáréjíṣẹ́ padà dé.

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máa kọ̀wé bí ìgbín? Ohun tí mo rí ni mo jẹ́!"

Wọ́n ń jà, ara ọmọ ń gbóná, ìyá àgbà ò dé.

Bàálé dìde. "Ẹ panu mọ́! Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ń ṣeré yìí." Ó mọ ògiri sáàárín wọn. "Akọ̀wé, tó o bá kọ tán, pè mí. Sáréjíṣẹ́, pè mí kó o tó gba iṣẹ́."

"Tí iṣẹ́ ò bá tíì sí ńkọ́, Bàbá?"

"Sùn síbẹ̀. Èmi ni màá jí ẹ."

Akọ̀wé tún un kọ, ó tún un kà. "Bàálé o! Ó ti parí o!" Bàálé gbà á, ó jí Sáréjíṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá àgbà ti pọn ọmọ, òun àti Mọ́ńjọlá ti wà lọ́nà ọsibítù.

Láti ọjọ́ náà ni ará inú fóònù kan kì í ti í fọwọ́ kan ohun tó wà lọ́wọ́ èkejì, àfi kó pe Bàálé. Tí fóònù bá dákẹ́, bóyá Sáréjíṣẹ́ ló ń sùn, tó ń retí kí wọ́n jí òun.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ èyí tó kù: nígbà tí ìyá àgbà rí "Má bọ̀," ó mọ̀ pé ọmọ òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló di ẹrù rẹ̀. Ó gbé báàgì lé itan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà parí.