Ọfà Mẹ́ta Tí Kíkí Kò Jẹ́ Kó Gbẹ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fìrì, ó fò fìrì, ó ré kọjá orí ẹkùn, ó ré kọjá orí ìjàpá, ó lọ bà lé Àwẹ̀ró, obìnrin tó ń lẹ ìyẹ́ mọ́ ọfà.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Akíra. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní Akíra, wọ́n á kí ọ. Bí o bá sinmi, wọ́n á kí ọ. Bí o bá sín, ìdílé mẹ́ta ló máa dìde wá kí ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àjànàkú ránṣẹ́ sí wọn pé ó rẹ òun, òun ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àárín oko iṣu wọn ni òun máa sùn sí. Oúnjẹ ọdún kan gbáko ló wà nínú oko yẹn. Ọdẹ́yalé, ọdẹ kan ṣoṣo tí ìlú ní, sáré gbé apó rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ gbogbo ìyẹ́ ìdí ọfà rẹ̀ tán. Ó ta ọ̀kan wò. Ọfà náà dojú kọ igbó, ó rò ó, ó yí padà, ó kan fìlà ọba mọ́ ògiri.

Ọba ní, "Ẹ gbé ìyókù lọ fún Àwẹ̀ró. Kí oòrùn tó wọ̀ o."

Mẹ́ta ló kù. Àwẹ̀ró gé ìyẹ́ àwòdì, ó se oje igi títí ó fi ki, ó lẹ ìyẹ́ mọ́ ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ku kó gbẹ.

Olorì wá kí i kú iṣẹ́. Iṣu sísun àti epo ló ń jẹ bọ̀. Ó gbé àwọn ọfà, ó súre fún wọn, ó gbé wọn sílẹ̀. Ìyẹ́ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ni oje bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Epo ò jẹ́ n lẹ̀ o,
*Ẹ jẹ́ n gbẹ!*

Àwẹ̀ró fi eérú nu epo kúrò, ó tún ìyẹ́ lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá kí i kú wàhálà. Ogójì ni wọ́n, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Eruku bo oje. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ eruku, kò lẹ̀ mọ́ ọfà.

Eruku ò jẹ́ n lẹ̀ o,
*Ẹ jẹ́ n gbẹ!*

Àwẹ̀ró gbá ilẹ̀, ó nu ọfà, ó tún ìyẹ́ lẹ̀. Àwọn àgbà wá kí i kú ìrọ́jú. Wọ́n kún yàrá iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ba lé ọfà, wọ́n ń mí. Ògiri làágùn bí ọmọrí ìkòkò. Oje kò gbẹ. Nígbà tí wọ́n nàró, irùngbọ̀n baba mẹ́ta ti kó gbogbo ìyẹ́ lọ.

Baba kan ní, "Àwẹ̀ró, ṣé a ò ní fò báyìí?"

Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀nà oko iṣu."

Èémí ò jẹ́ n lẹ̀ o,
*Ẹ jẹ́ n gbẹ!*

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àwẹ̀ró sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi ṣòfin. Kí ẹnikẹ́ni má kí mi mọ́."

Ẹnu ya ọba. "Kí wọ́n má kí ọ? Kí lo ṣe?"

"Mo ń lẹ nǹkan ni, Kábíyèsí."

Ọba ṣòfin. Akíra pa rọ́rọ́. Ìyá arúgbó kan fi gèlè di ẹnu ara rẹ̀, nítorí kò fọkàn tán an.

Àwẹ̀ró ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó gé ìyẹ́ tuntun, ó lẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbẹ tí Àjànàkú fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọlúàbí ni erin yìí, kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwẹ̀ró dákẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwẹ̀ró ń wo oje. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọfà nìkan ló ń wò.

Àjànàkú kò lè lọ láìgba èsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó dúró. Inú bí i, ara rẹ̀ gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi etí fẹ́ ara rẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀. Atẹ́gùn wọ yàrá. Oje gbẹ táútáú.

Àwẹ̀ró fi ìka kàn án. Ó fi ọfà kan lé Ọdẹ́yalé, tó ti lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lọ́wọ́. Àwẹ̀ró wá dá Àjànàkú lóhùn: "Òó, ẹ ṣé o, Bàbá."

Bí Àjànàkú ti gba èsì tó yí padà láti lọ, Ọdẹ́yalé ta á. Ọfà lọ tààrà, ó gún Àjànàkú ní ìdí.

Àjànàkú ní, "Ẹ ò bá ti dákẹ́." Ó sá wọ igbó.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kíkí dára, ṣùgbọ́n ohun tí a lẹ̀ fẹ́ ọwọ́ mímọ́, ilẹ̀ gbígbá, àti kí a fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Ibi tí ọfà ààlọ́ mi balẹ̀ sí nìyí. Iṣu wà lóko. Ọfà méjì wà lájà. Ìyẹ́ àwọn baba mẹ́ta kò tíì bọ́.