Ọwọ́ Olóyè Lórí Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà
Ẹ wá gbọ́ bí Ìbídàpọ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkìrun ṣe bọ́ lọ́wọ́ Olóyè Abíọ́nà, onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! Kọ̀ǹpútà Olóyè ń gbóná, ó sì ń kú. Ìbídàpọ̀ tú u, ó kán ìpara tí ń gbé ooru kúrò sórí ọpọlọ rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Olóyè fìbínú dìde: “Ṣé èmi lo ń ṣahun sí? Fi bo gbogbo ojú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù rẹ jáde! Bó bá sì tún gbóná, kó ẹrù rẹ jáde náà ni!” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìpara bá pọ̀ jù, ooru ò ní rí ọ̀nà jáde. Ìbídàpọ̀ ò jiyàn, ó kúnlẹ̀: “Ẹ má bínú, Bàbá, ọwọ́ ẹni ńlá ló kù. Ẹ bá mi tẹ irin ìbòrí ọpọlọ yìí mọ́ ọn.” Olóyè tẹ̀ ẹ́. Ìbídàpọ̀ ṣí irin: ìpara ti bo gbogbo ojú ọpọlọ! “Háà! Ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe sọ díẹ̀ di púpọ̀!” Ìpara tí a bá ti ṣí kò ṣeé tún lò mọ́, ló bá nù ún, ó kán òmíràn, Olóyè tún tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì tutù minimini. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ti gbé kọ̀ǹpútà dé, Olóyè á ti pariwo láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: “Ìbídàpọ̀, bíi hóró ẹ̀wà péré o! Mò ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́!”