Òpó Tó Rékọjá Òkúta Ààlà

Láṣebìkan ló ń ṣọ́ àwọn òpó irin tó ń gbé iná láti orílẹ̀-èdè kejì wọ ìlú wọn. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn alágbẹ̀dẹ òdìkejì ààlà tí wọ́n ń tú irin ẹsẹ̀ òpó tó wà lọ́dọ̀ wọn láti fi rọ ọkọ́.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ bá wọn wí," ni Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

"Ibi òkúta ààlà niṣẹ́ tèmi parí sí," ni ọkọ yóò fèsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún Àjọkẹ́ nílùú, wáyà tó máa ń kùn bí oyin ṣàdédé dákẹ́. Ẹyẹ kan kò ké. Láṣebìkan wòkè. Lọ́ọ̀ọ́kán, òpó kan rọra tẹ̀, bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Ó fa ìkejì, ìkejì fa ìkẹta, wọ́n ń wó bọ̀.

Ó sáré lọ dúró ti òkúta ààlà, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró níbẹ̀!"

Òpó rékọjá rẹ̀, wọ́n ń wó lọ sí ìlú, níbi tí dókítà ti la ikùn Àjọkẹ́, tí òkùnkùn sì ti ṣáájú òpó dé yàrá iṣẹ́ abẹ.