Òkété Onílé Mẹ́ta

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín.
Ààlọ̀!
Ó dáa. Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ó dé etí kànga, ó bá Ìyá Ọ̀yà níbẹ̀. Ó yọjú wo inú ihò, ó bá Òkété.

Abúlé mẹ́ta ló wà nínú igbó kan: Abẹ́ Ọ̀pẹ, Etí Odò àti Òkè Àpáta. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní kànga tirẹ̀. Túùkù ló ń gbẹ́ kànga wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í fi ebi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣa ẹyìn agbọ̀n mẹ́wàá ní abúlé kan, á gbé agbọ̀n kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún Túùkù.

Òkété kọ́lé sí abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó la ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n Abẹ́ Ọ̀pẹ nìkan ló ti ń ṣa ẹyìn, àṣàìsinmi.

Lọ́dọọdún, gbogbo ẹranko á péjọ, oníkálùkù á ròyìn ohun rere tó ṣe fún igbó. Ti Òkété ló máa ń gùn jù. Ó gbin igi. Ó gbálẹ̀ ọ̀nà odò. Ó ṣọ́ ìtẹ́ ẹyẹ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ títí.

Lọ́dún kan, Ìyá Ọ̀yà ò ráyè pàtẹ́wọ́. Kànga Abẹ́ Ọ̀pẹ ti di ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ń lá ìrì lára ewé. Túùkù ní òun ò rí nǹkan jẹ, ó sùn lọ.

Ìyá Ọ̀yà lọ bá Òkété nílé. “Bàbá Òkété, agbọ̀n Túùkù ńkọ́?”

Òkété rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ọ̀yà, ẹyìn ilé yìí kọ́ nìyẹn. Ilé mi ti Etí Odò ló ni ín. Ibẹ̀ ni mo ti fún wọn.”

Ìyá Ọ̀yà dúpẹ́, ó ré kọjá sí Etí Odò. Lékeléke tó ń gba agbọ̀n níbẹ̀ ní Òkété sọ fún òun pé Òkè Àpáta lòun ń gbé e sí. Ìyá Ọ̀yà gun òkè. Alángbá tó ń gbà á lókè ní Òkété ti búra pé Abẹ́ Ọ̀pẹ ni.

Ìyá Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ẹyìn Òkété mà lẹ́sẹ̀ o, kì í sùn síbì kankan.

Ó pe ìpàdé. Òkété tún bẹ̀rẹ̀: ó gbin igi, ó gbálẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá,” ni Ìyá Ọ̀yà wí. “Ẹ wá sọ ọ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wa. Mélòó lẹ ṣà níbẹ̀? Mélòó lẹ gbé sílẹ̀ níbẹ̀?”

Òkété wo Lékeléke. Lékeléke ń wò ó. Ó wo Alángbá. Alángbá ń mi orí. Òkété ní ọ̀fun òun gbẹ.

“Ti àwọn ọmọ mi náà gbẹ,” ni Ìyá Ọ̀yà wí.

Ni Òkété bá sá wọlé. Ó fẹ́ kó ẹyìn gba abẹ́ ilẹ̀ sá lọ, ṣùgbọ́n ihò ò gba agbọ̀n. Ó rọ́ ẹyìn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó yọrí ní Etí Odò, Lékeléke ti dúró síbẹ̀. Ó yọrí ní Òkè Àpáta, Alángbá ti jókòó síbẹ̀. Ó padà sí Abẹ́ Ọ̀pẹ, Túùkù ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ purọ́, ẹnu kún.

Wọ́n ní kó pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kó ìyókù jáde. Túùkù jẹ, ó yó, ó gbẹ́ kànga. Omi sun. Àwọn ọmọ Ọ̀yà mu ún, wọ́n tún fi wẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ròyìn rere tó ṣe nínú igbó náà, ohun tó gbé sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ìdí sì nìyẹn tí Òkété fi ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó oúnjẹ títí dòní, tí ilé rẹ̀ sì ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀, tí kì í jáde tí ojú bá pọ̀ níta.

Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti Òkété. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Kò wú.